Ìjọ wa fẹ́ ran ilé ìwé àdúgbò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé kò fẹ́ rí wa mọ́

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé nínú ìjọ wa, ní ìlú kékeré kan nítòsí Ṣágámù. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, orúkọ ìjọ wa sì wà lára orúkọ ilé ìwé náà títí dòní. Lọ́dún tó kọjá, a pín ìwé àti báàgì fún àwọn ọmọ, a ya fọ́tò, a sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́sọ̀n ọ̀fẹ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kún bámúbámú. Nígbà tó yá, wọ́n ń dín kù títí ó fi ku àwọn ọmọ ìjọ nìkan. Àwọn òbí kan ní a fẹ́ fi ìwé fa ọmọ wọn wọ ẹ̀sìn wa. Ọ̀gá ilé ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wa lóhùn mọ́. Àwọn alàgbà wa wá ń sọ pé àwọn baba wa ló kọ́ ilé ìwé yẹn, kí ló dé tí a ó máa tọrọ àyè níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn wa kò ju pé kí nǹkan rọrùn fún àwọn ìdílé àyíká wa. Kí ni ká ṣe?”

Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. Mo ti ṣe tísà, mo ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé ìjọba ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ tèmi náà. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí lójú ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá, mo sì mọ bó ṣe ń rí lójú ẹni tí wọ́n gbé e wá bá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí tísà méjì kò tíì dé. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, oore lẹ rò pé ẹ ń ṣe, àwọn èèyàn wá ń wò ó bí ẹ̀tàn, ẹ̀rù sì ń bà yín pé bí ẹ bá dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́ débẹ̀. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín: ta ló ni ilé ìwé, kí ló lé àwọn òbí sẹ́yìn, àti kí ni ìdílé kan tiẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọ. Ti àwọn alàgbà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí bí a kò bá yanjú rẹ̀, òun ni yóò ba ìyókù jẹ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìtàn. Láyé ijọ́un, ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ilẹ̀ wa wà. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa níbí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ tó lé ní 800,000 ló wọ ilé ìwé lọ́dún náà. Ìjọba nìkan kọ́ ló ní kíláàsì tó gbà wọ́n. Ìjọ àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ń bójú tó púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwé náà, ìjọba sì ń gbé owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba àwọn ilé ìwé wọ̀nyí. Láti ìgbà náà, ìjọba ló ń gba tísà, òun ló ń san owó oṣù wọn, òun ló ń gbé wọn láti ìlú kan lọ sí ìkejì. Orúkọ ìjọ tó wà lára géètì kò sọ ìjọ di onílé mọ́. Bí alàgbà kan bá wọlé láìkan ilẹ̀kùn torí pé bàbá rẹ̀ ru bíríkì níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé kò ní bá a jà. Á rẹ́rìn-ín, á ní “ẹ káàbọ̀, sà”, á gbé àga fún un, lẹ́tà tí ẹ bá sì kọ lẹ́yìn ìyẹn kò ní rí èsì. Ẹ lè sọ ìtàn yẹn nígbà tí ẹ bá ń tọrọ àyè, ó dùn ún gbọ́, ó sì lè mú kí ara tu ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ bí ìwé ilẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀. Ó ń jíhìn fún akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn náà ń jíhìn fún SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Bí fọ́tò ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé ìjọba bá jáde lórí Facebook, tí bánà ìjọ gùn gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀, òun ni wọ́n máa pè láti wá ṣàlàyé. Ẹ̀yin ti lọ sílé nígbà yẹn. Bí báàgì kò bá kárí, ẹ̀yin kọ́ ni ìyá ọmọ tí kò rí gbà máa bá lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá sì dá kíláàsì dúró fún wákàtí kan kí olùṣọ́ àgùntàn lè sọ̀rọ̀ ìṣírí, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n máa bi léèrè bí àwọn aláyẹ̀wò bá dé. Mi ò sọ pé ẹ ṣe gbogbo èyí o. Mo ń sọ ohun tí mo ti rí tó ń mú ojú ọ̀gá ilé ìwé le, kí ẹ fi wé tiyín. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀gá ilé ìwé ìjọba kórìíra ìrànlọ́wọ́. Ohun tó ń sú wọn ni ìrànlọ́wọ́ tó ń dá kún iṣẹ́ wọn.

Ní ti àwọn òbí, ẹ má kà á sí ìkórìíra. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú ṣí gbayawu fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń rí Alhaji àti díákónì tí ìyá kan náà bí. Wọ́n jọ ń jẹ ẹran Iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ohun tó ń bí òbí nínú ni pé wọ́n mú ọmọ òun lọ síbi kan, wọn kò sì kọ́kọ́ bá òun sọ ọ́. Òfin wà lẹ́yìn wọn níbẹ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kó kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ ó ní ẹ kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ lẹ́sọ̀n tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà àti orin ìyìn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ti di ìsìn létí ìyá tó ń kọjá lójú títì, kódà bí ẹ bá fi wákàtí méjì kọ́ ìṣirò lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò sì mọ bí a ṣe ń sọ pé “mi ò kọrin”. Rẹ́mọ ni ọ̀rọ̀ yìí sì ti ní ẹlẹ́rìí jù. Tai Ṣólàrín fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní ilé ìwé girama Mólúsì, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wá dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, ilé ìwé tí kò fi ti ẹ̀sìn kankan ṣe. Bí alàgbà kan bá dìde nínú ìpàdé yín pé ọmọ tí a kò bá kọ́ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nílé ìwé yóò yàyàkuyà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ Mayflower kan wà lórí ìjókòó lẹ́yìn, kó kàn máa wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ ìdílé, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ pẹ́ sí. Nígbà tí aago bá fi máa lu méjì ọ̀sán, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti ń túká. Ní àwọn ìlú tó yí Ṣágámù ká, bàbá ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, bóyá Èkó ló ń lọ, bóyá ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, bóyá ọ̀kadà ló ń gùn. Ìyá wà lọ́jà, kò sì ní dé kí wọ́n tó kírun Màǹgàríbà. Láti aago méjì títí di aago méje, ta ló wà pẹ̀lú ọmọ? Nínú ilé púpọ̀, ìyá àgbà ni. Àwọn òbí kan wà l'Ékòó, owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ìyá àgbà kan sì lè máa tọ́ ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ ọmọ méjì. Á rí i pé wọ́n jẹun, á rí i pé wọ́n wẹ̀, á lé wọn sùn. Bí wọ́n bá gbé ìwé dé iwájú rẹ̀, á ní kí wọ́n kà á sókè, ọmọ á kà á bí ẹni mọ̀ ọ́n, màmá á ní “ó káre”. Ìyá àgbà kò mọ̀ pé ọmọ ti há a sórí ni, pé bí wọ́n bá fi ìka bo àwòrán, kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọjá kíkà. Ní ìwé kẹta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ní ìwé karùn-ún, ó ti di ọ̀gá nínú fífi ara pamọ́: á jókòó sẹ́yìn, á máa ṣe ìjàngbọ̀n, á fẹ́ràn kí wọ́n rán òun níṣẹ́ jáde. Ìgbà tí ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama bá kù díẹ̀ ni ìyá máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ìjà á bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Bàbá á ní ìyá ò mójú tó ọmọ, ìyá á ní owó lẹ́sọ̀n tí òun bèèrè láti ọdún mélòó ni bàbá ò fún òun. Ọmọ tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ á gbà pé òun ni òkú ọpọlọ inú ilé. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, kò ní pẹ́ tó máa mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ìdílé kan ń jà torí owó ilé ìwé, ẹ tọpinpin rẹ̀ dáadáa, ẹ máa bá àwọn wákàtí ọ̀sán wọ̀nyẹn ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Báàgì kò lè dí àlàfo yẹn. Ìjọ sì ní ohun tó lè dí i. Ó ní tísà tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì, àgùnbánirọ̀ tó ń wá jọ́sìn, àti àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti dàgbà. Ó tún ní ohun kan tí ọ̀gá ilé ìwé kò ní: wọn kò lè gbé ìjọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ lè ṣe, ẹ kọ́ ọmọ láti kàwé. Sándé Sukúù gan-an, kíkà ló gbé e dé ibi tó dé. Robert Raikes, oníwèé ìròyìn kan ní ìlú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn láti ọdún 1780; àwọn ọmọ tálákà tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ ní ìwé kíkà lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè tí ọmọ ń sọ. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mo sọ èyí torí pé nínú Ẹgbẹ́ Ìyá yín, àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò kàwé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ka ìwé orin Yorùbá geerege, pẹ̀lú àmì ohùn. Irú màmá bẹ́ẹ̀ lè jókòó ti ọmọ ìwé kìn-ín-ní àti ìkejì, kó sì kọ́ ọ ní a, b, d títí tó fi máa ka gbólóhùn. Ìwé kíkà Yorùbá tí ilé ìwé ń lò ni kó mú o, kó fi Bíbélì àti ìwé orin sílẹ̀ nílé.

Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí. Inú kíláàsì ilé ìwé ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọ̀gá ilé ìwé yan àwọn ọmọ, kí ó sì jẹ́ kíláàsì kan péré lẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ì bá mú ìwé kẹta, torí pé ọmọ tó fà sẹ́yìn níbẹ̀ ṣì ṣeé fà padà. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá túká. Ẹ pín wọn sí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún àgbàlagbà kan, kí olúkúlùkù ọmọ kà sókè létí ẹni náà, ojoojúmọ́ tí wọ́n bá pàdé. Tísà kan ní láti wà níbẹ̀, kí ẹ sì fún un ní owó mọ́tò tí ọ̀gá ilé ìwé mọ̀ sí. Ohun tó máa ń pa irú ètò báyìí kò ju kàlẹ́ńdà ìjọ lọ. Ọ̀sẹ̀ ìsọjí dé, a sinmi; ìmúrasílẹ̀ ìkórè dé, a sinmi; olùṣọ́ àgùntàn tuntun dé, a ń ṣe ìkíni káàbọ̀. Ọmọ tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì láìrí ẹnikẹ́ni kò ní dúró lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹ kò bá lè ṣèlérí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún odindi sáà kan, ẹ ṣe ọjọ́ kan.

Owó ni ìkejì. Òfin ẹ̀kọ́ àgbáyégbà, UBE, ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan láti ìwé kìn-ín-ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí ìpele kékeré ilé ìwé girama. Síbẹ̀, òbí mọ̀ pé aṣọ ilé ìwé kì í ṣe ọ̀fẹ́, bàtà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìwé ìkọ̀wé kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì ń dúró. Oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀ ń já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta á sì sáré lọ yá owó èlé tí á san títí di Kérésì. Àwọn ìjọ kan rò pé kí àwọn bá a san án ni. Ẹ lè san án fún ìdílé tí wàhálà ńlá bá, ikú tàbí àìsàn. Fún àwọn yòókù, àjọ ló sàn. Kí àwọn òbí ilé ìwé náà, Kristẹni àti Mùsùlùmí, máa dá owó díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní, kí wọ́n kó o ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ. Ohun tí ìjọ máa ṣe ò ju pé kí ó wá ẹni tó mọ ìṣirò, kí ó sì rí i pé báńkì ni owó wà, pẹ̀lú ìbuwọ́lù èèyàn mẹ́ta, tí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ yín. Ẹ má fi olówó àjọ kan ṣoṣo ṣe é, bó ti wù kó mọ àdúrà gbà tó. Bí ó bá sá lọ, orúkọ ìjọ ló máa gbé lọ.

Ní ti ẹ̀bùn, mi ò ní kí ẹ má fúnni. Ẹ gba orúkọ lọ́wọ́ tísà kíláàsì, ẹ kó ìwé náà fún ọ̀gá ilé ìwé, kí wọ́n pín in fún ẹni tó yẹ láìsí bánà, láìsí fọ́tò, láìsí orúkọ ìjọ lára ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn tó dá owó máa fẹ́ rí ẹ̀rí. Risíìtì àti lẹ́tà ìdúpẹ́ láti ilé ìwé tó. Ọmọ tí wọ́n yà ní fọ́tò bó ṣe ń gba báàgì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà á fi parí, ìyá rẹ̀ sì lè má jẹ́ kó gbé báàgì náà jáde mọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára fún àwọn ọmọbìnrin, pẹ̀lú omi, jẹ́ ohun tó ní láárí gan-an, torí pé àwọn ọmọbìnrin ìwé karùn-ún àti ìkẹfà tó ti ń ṣe nǹkan oṣù máa ń jókòó sílé bí kò bá sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹ bèèrè ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe bó bá bàjẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí mo ń kọminú sí jù ni kí ìjọ gba tísà kún tísà. Ó dà bí ohun tó dára, ilé ìwé sì nílò rẹ̀. Àmọ́ bí owó ìjọ bá tán láàárín ọdún, kíláàsì kan ti di aláìní-olùkọ́ nìyẹn, ìjọba á sì ti gbàgbé pé iṣẹ́ òun ni. Ní ti oúnjẹ, ìwé kìn-ín-ní sí ìkẹta nìkan ni wọ́n ṣe ètò oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fún, nítorí náà ebi lè máa pa àwọn ọmọ tó wà lókè. Ẹ má gbìyànjú láti bọ́ gbogbo ilé ìwé. Ẹ̀wà àti gàrí fún àwọn ọmọ tó dúró fún kíkà, ní ọjọ́ méjì yẹn, tó.

Nǹkan kan tún wà tí kò náni púpọ̀, tí èèyàn kì í ronú kàn: ojú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní olódo kò rí pátákó ni. Á máa wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, tísà á ní ó ń jí ìdáhùn wò, á nà án. Bí ìjọ yín bá ní nọ́ọ̀sì, kí ó bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, kí wọ́n yẹ ojú àwọn ọmọ kíláàsì kan wò pẹ̀lú pátákó lẹ́tà, kí wọ́n sì wádìí etí náà. Òbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ èsì rẹ̀ fún, kí ẹ wá bá wọn wá bí wọ́n ṣe máa dé ilé ìwòsàn. Mo mọ ìdílé tí gíláàsì ojú kan ṣoṣo tú ìjà inú rẹ̀ ká, tí kò sí ìwàásù tó tú u.

Ẹ tún lè ran àwọn òbí lọ́wọ́ láti má bẹ̀rù ilé ìwé. Ìyá tí kò kàwé, ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè é. Bó bá wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ̀yìn ló máa jókòó sí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á sì sọ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe ìpàdé ọ̀hún, nígbà tí ọjà ń tà. Ẹ bẹ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n gbé e sí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n sọ Yorùbá, kí ẹ̀yin gbé àga àti ìborùn kànáfásì kalẹ̀. Ẹ bá ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ kí ẹ jọ ṣe é. Ẹ bá regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà, tó wà nílùú sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ná owó sí aṣọ ọdún Ojúde Ọba lè dá ìjókòó kíláàsì kan. Bí ọwọ́ bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀sùn pé ẹ fẹ́ kó ọmọ wọ ẹ̀sìn á kú fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé, tí wọ́n ń pè ní SBMC, wà fún irú nǹkan báyìí, ó sì yẹ kí ìjọ wọ ibẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àwọn ará ìlú yòókù.

Ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ, mi ò ní fi falẹ̀. Kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú kíláàsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọ níṣẹ́ lọ sílé òun. Kí ẹ béèrè ìwà ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin. Bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ẹ má pe ìgbìmọ̀ ìjọ láti fi àdúrà bò ó. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003 wà, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní tirẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbé-ayé-rere ní ìjọba ìbílẹ̀ àti ọlọ́pàá ni ó kàn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe ìdílé ni èyí máa wò sàn. Ìjọ kò lè fi ìwé kíkà wá iṣẹ́ fún bàbá tí ilé iṣẹ́ dá dúró, kò lè dín owó mọ́tò Èkó kù, kò sì lè sọ tísà márùn-ún di mẹ́wàá. Àwọn òbí kan ò ní padà wá bó ti wù kí ẹ ṣe tó, ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí ẹ bá sì ń retí kí ìjọ kún sí i nípa rẹ̀, mo rò pé kí ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn èèyàn máa mọ̀.

Ẹ̀yin àti ẹnì kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, kí ẹ má kó gbogbo ìgbìmọ̀ dání, kí ẹ sì má gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń dà á láàmú jù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ó lè dárúkọ ohun tí ẹ kò rò rárá. Ẹ jẹ́ kí ti rẹ̀ ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ àdéhùn ojú ìwé kan, ohun tí ìjọ máa ṣe àti èyí tí kò ní ṣe, kí gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé kò ní sí ìsìn nínú rẹ̀. Kí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rí i, kí ẹ̀dà kan wà ní fáìlì ilé ìwé, torí wọ́n lè gbé ọ̀gá yẹn lọ ní oṣù mẹ́fà, ẹni tuntun á sì fẹ́ mọ ẹni tó fún yín láyè. Ẹ mú lẹ́tà náà lọ kí sáà tó parí. Ọ̀sẹ̀ ìwọlé oṣù Kẹsàn-án kì í fún ọ̀gá ilé ìwé láyè láti ka ohunkóhun. Bí owó bánà ọdún yìí bá ṣì wà lápò ìgbìmọ̀, ẹ fi ra ìwé kíkà Yorùbá fún ìwé kẹta.